Ta Ló Ni Ilé Yìí Gan-an?



 

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ fi orúkọ yín ra ilé fún òun, tàbí kí ẹ fi orúkọ yín dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ fún òun, tí ẹ kò jí kọ́bọ̀, tí ẹ kò sì fi ọwọ́ kan owó náà, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀ fún yín?

Kò yẹ kí ìbéèrè yìí ṣàjèjì sí wa ní Bowie, ní Lanham, ní Laurel tàbí ní Upper Marlboro. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni, ọ̀rẹ́ ilé-ìwé, tàbí ọ̀gá ńlá kan ní ilé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́: “Àbúrò mi, ìwọ lo wà lọ́hùn-ún, ìwọ lo ní ìwé. Orúkọ rẹ nìkan ni mo fẹ́ lò. Owó wà nílẹ̀.” Ó dùn-ún gbọ́. Ó tiẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ ìbátan lásán.

Ẹ ṣí Súúrà Al-Baqarah. Láti ẹsẹ 183 dé 187, ọ̀rọ̀ àwẹ̀ ni Ọlọ́hun ń bá wa sọ: ẹni tó gbọ́dọ̀ gbà á, ẹni tí a yọ̀ǹda fún, ìgbà tí a ń jẹ sààrì àti ìgbà tí a ń ṣínu. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ 188 tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, èyí tó kọ̀ fún wa láti fi èrú jẹ owó ara wa, tó sì kọ̀ fún wa láti gbé ọ̀rọ̀ owó tọ àwọn aláṣẹ lọ kí a lè fi ọgbọ́n jẹ ohun tí a mọ̀ pé kì í ṣe tiwa. Àwẹ̀ ń kọ́ wa láti yọwọ́ nínú ohun tó jẹ́ tiwa, ìrẹsì tiwa àti omi tiwa, fún wákàtí díẹ̀ nítorí Ọlọ́hun. Ẹsẹ tó tẹ̀lé e wá ń bi wá léèrè ohun tí a ń ṣe sí èyí tí kò fìgbà kan jẹ́ tiwa. Ẹni tó lè fi omi tútù sílẹ̀ ní ọ̀sán, kí ló dé tí kò lè fi owó èrú sílẹ̀ ní alẹ́?

Bí wọ́n ṣe ń fi í pamọ́

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, àwọn FBI dé ilé Jack Johnson ní Mitchellville. Òun ni alákòóso àgbà káúńtì wa nígbà náà. Lórí fóònù tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní kí ìyàwó òun fa sọ̀wédowó kan ya kó sì fi omi ṣàn án lọ. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n bá $79,600 lára ìyàwó náà, nínú aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ọkọ náà jẹ́wọ́ ní 2011 pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje àti oṣù mẹ́ta.

Ọ̀nà àtijọ́ nìyẹn. Ẹni tí owó rẹ̀ ju èyí tí aṣọ lè gbà lọ kì í fi í pamọ́ sára mọ́. Inú ìwé ló máa ń fi í pamọ́ sí.

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Ní Maryland níbí, ẹni tó bá fẹ́ dá LLC sílẹ̀ yóò fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí SDAT ní Baltimore. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè orúkọ iléeṣẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀, àti aṣojú kan ní ìpínlẹ̀ yìí tí yóò máa gba ìwé kóòtù. Kò béèrè ẹni tó ni iléeṣẹ́ náà. Èyí nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi LLC ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tàbí iṣẹ́ oúnjẹ, kí gbèsè iṣẹ́ má baà gba ilé mọ́ àwọn ọmọ lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní nǹkan tó ń sá fún lè gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Yóò ní kí iléeṣẹ́ mìíràn jẹ́ olówó LLC náà, kí wọ́n sì forúkọ iléeṣẹ́ kejì yìí sílẹ̀ ní British Virgin Islands tàbí ní Seychelles. Lórí ìyẹn, ó lè gbé trust kan lé e, ìyẹn àdéhùn tí ẹnìkan fi ń di ohun ìní mú fún ẹlòmíràn. Àwọn tí yóò wá fọwọ́ sí ìwé ni ìyàwó rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀, lọ́yà rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń wá olówó gan-an yóò ṣí ilẹ̀kùn kan, yóò bá orúkọ. Yóò ṣí òmíràn, yóò tún bá orúkọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ má rò pé London tàbí Panama nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Káúńtì Montgomery tó bá wa pààlà ni àpẹẹrẹ méjì tí gbogbo ayé mọ̀ wà.

Àkọ́kọ́ ni ilé kan ní Rockville. Diepreye Alamieyeseigha jẹ́ gómìnà Bayelsa láti 1999 títí wọ́n fi yọ ọ́ nípò ní oṣù Kejìlá ọdún 2005. Gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ìdájọ́ Amẹ́ríkà ṣe sọ, gbogbo owó oṣù rẹ̀ fún àkókò yẹn jẹ́ nǹkan bí $81,000. Síbẹ̀, ó ní ilé ní London, ó ní àkáǹtì lókè òkun, ilé Rockville yìí nìkan sì ju $600,000 lọ. Ní 2007, ó jẹ́wọ́ ní kóòtù ní Nàìjíríà pé òun jẹ̀bi, ó sì tún jẹ́wọ́ lórúkọ iléeṣẹ́ méjì, Santolina Investment Corporation àti Solomon & Peters. Ẹ ronú sí i: iléeṣẹ́ méjì dúró níwájú adájọ́, ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni aṣọ tí wọ́n fi bo nǹkan ya. Ní 2013, kóòtù níbí gba ilé náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2023 ni Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí owó tó lé ní $954,000, ti ilé náà àti ti àkáǹtì kan ní Massachusetts, padà sí Bayelsa fún ètò ìlera.

Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un ní London ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005 títí di ìgbà yẹn, ọdún mẹ́tàdínlógún ti kọjá. Ọmọ tí wọ́n bí ní abúlé kan ní Bayelsa lọ́dún yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tán kí owó ilé ìwòsàn tó yẹ kí wọ́n bí i sí tó padà wálé. Ìjọba Nàìjíríà ti dárí ji gómìnà náà ní oṣù Kẹta ọdún 2013, ó sì kú ní 2015. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ nínú ẹ̀sìn wa pé ìdáríjì ìjọba kì í pa ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn rẹ́. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè ló ní àṣẹ láti dárí jì, ọmọ abúlé yẹn kò sì sí nínú yàrá tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ìdáríjì.

Èkejì tún kan àwa Mùsùlùmí jù. Yahya Jammeh ṣe olórí Gambia láti 1994 títí di oṣù Kìíní ọdún 2017. Gbogbo wa la rí àwòrán rẹ̀: aṣọ funfun, Al-Kùránì lọ́wọ́, tẹ̀súbà lọ́wọ́. Ní 2015, ó kéde pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti di ti Ìsìláàmù. Nígbà tó di 2020, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù lórí ilé ńlá kan ní Potomac tí wọ́n rà ní 2010 ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ dọ́là. Orúkọ Jammeh kò sí lára ilé náà. MYJ Family Trust ni wọ́n kọ, trust tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé ìyàwó rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní owó ìwà ìbàjẹ́ ni wọ́n fi rà á, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 kóòtù sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Tẹ̀súbà wà níta kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ilé sì wà lábẹ́ orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ohun tí à ń fi han ayé yàtọ̀ sí ohun tí à ń fi pamọ́.

Ẹni tó bá sì rò pé ikú máa ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, kó wo ti Sani Abacha. Ó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1998. Ní 2020, owó tó lé ní $311 mílíọ̀nù padà sí Nàìjíríà nípasẹ̀ àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti erékùṣù Jersey, owó tó wà lórúkọ iléeṣẹ́ Doraville Properties tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní British Virgin Islands. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi owó náà ṣe. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti eléyìí, ọdún méjìlélógún ni.

“Orúkọ mi nìkan ni mo yá a”

Ẹ ó sọ pé: ọ̀rọ̀ àwọn gómìnà àti ààrẹ nìyẹn, kí ló kàn wá? Ohun tó kàn wá ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dá nìkan ṣe é. Ẹni tó jalè kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ bo ara rẹ̀. Ó nílò ènìyàn dáadáa kan, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń san owó-orí, tí báǹkì fọkàn tán. Orúkọ rere gan-an ni wọ́n ń wá. Àwọn àgbà wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ẹ̀sìn wò ó. Ìbuwọ́lùwé jẹ́ ẹ̀rí. Bí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀yin lẹ ni ilé, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́, ẹ ti jẹ́rìí èké, bí ẹnu yín kò tilẹ̀ ṣí. Àwọn sàábé sọ pé nígbà tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù, ó fara ti nǹkan. Nígbà tó dé orí ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó dáadáa, ó sì ń tún un sọ títí wọ́n fi ń sọ nínú ọkàn wọn pé ì bá dára kó sinmi. Kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ṣeré.

Ìtàn mìíràn tún wà, ti ọkùnrin tí Ànábì rán lọ gba sàká. Nígbà tó dé, ó pín ohun tó kó wá sí méjì: ó ní èyí jẹ́ tiyín, èyí sì jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún mi. Ànábì gun orí mínbárì, ó sì béèrè ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní ọkùnrin náà jókòó sí ilé bàbá àti ìyá rẹ̀: ṣé ẹ̀bùn náà ìbá wá bá a níbẹ̀? Ìdánwò tí ẹ lè lò fún ẹni tó ń yá orúkọ yín nìyẹn. Ká ní kò sí ní ipò tó wà, ṣé owó yìí ìbá dé ọwọ́ rẹ̀? Bí owó náà bá mọ́, kí ló dé tí kò lè fi orúkọ tirẹ̀ rà á? Àjèjì lè ra ilé ní Amẹ́ríkà lórúkọ ara rẹ̀. Kò nílò orúkọ yín láti ra ilé. Ó nílò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé òun ló rà á.

A tún mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kò ní kúrò lójú kan ní Ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀ títí a ó fi bi í nípa ọjọ́ ayé rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀, àti owó rẹ̀. Lórí owó, ìbéèrè méjì ni: níbo lo ti rí i, kí lo sì ná an sí? Ẹ wo ẹni tí ilé olówó ńlá wà lórúkọ rẹ̀ ní Upper Marlboro, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ káúńtì wa sí, tí kò lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nítorí kò mọ̀, tí kò sì lè dáhùn èkejì nítorí kì í ṣe òun ló ná an. Ìwé yẹn lè tan adájọ́ jẹ. Kò lè tan Ọlọ́hun jẹ. Ohun tí yóò kù láti bi í ni ìdí tó fi ṣèrànwọ́ láti fi í pamọ́.

Èyí tó nira jù ni ọ̀rọ̀ ìmoore. Ẹni tó ń bẹ̀ yín lè jẹ́ ẹni tó san owó ilé-ìwé yín, tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá wá sí Amẹ́ríkà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún un pé rárá? A kò ní sọ pé ó rọrùn. Súúrà An-Nisāʾ, ẹsẹ 135, ti rí i ṣáájú wa: ó ní ká dúró ti òtítọ́ nínú ẹ̀rí, bí ó tilẹ̀ ta ko àwa fúnra wa, tàbí òbí wa, tàbí ìbátan wa. Ànábì sì ní ká ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ alábòsí. Wọ́n béèrè bí a ṣe ń ran alábòsí lọ́wọ́, ó ní ká dá a lọ́wọ́ kọ́. Nítorí náà, “rárá” yín lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tó tóbi jù tí ẹ̀gbọ́n yín yóò rí gbà láyé rẹ̀. Ẹ san ìmoore pẹ̀lú owó yín, pẹ̀lú àdúà yín, pẹ̀lú ìtọ́jú ọmọ rẹ̀. A kì í fi ẹ̀sìn ẹni san gbèsè.

Bí èyí bá ṣì dà bí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ẹ yí i padà. Àìmọye àwọn tó wà lókè òkun ló ti fi owó ránṣẹ́ sílé láti fi kọ́ ilé sí Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí Òṣogbo, tí wọ́n wá dé ilé bá orúkọ ẹlòmíràn lára ìwé. Wọ́n ṣiṣẹ́ òru fún un, wọ́n rìn nínú yìnyín fún un. Ẹ mọ bó ṣe máa ń dunni tó. Ìrora yẹn ni ìrora gbogbo ìlú tí wọ́n fi owó rẹ̀ ra ilé sí Maryland lórúkọ àbúrò ẹnìkan. Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa, ẹ má jẹ́ ká bá wọn ṣe é sí ẹlòmíràn.

Kì í ṣe gbogbo ìpamọ́ ló burú

Ẹnìkan lè sọ pé ṣebí ẹ̀sìn wa fẹ́ràn ìbòrí. Òótọ́ ni. Sàárà ìkọ̀kọ̀ dára ju ti gbangba lọ. Ẹni tó bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀. Kò sì pọn dandan kí gbogbo ẹbí mọ iye tó wà ní báǹkì wa. Obìnrin tó sá fún ọkọ tó ń lù ú lè ní ìdí tó dára tí kò fi fẹ́ kí àdírẹ́sì rẹ̀ hàn.

Kí ló wá ya èyí sọ́tọ̀ sí tọ̀hún? Ìbéèrè kan ṣoṣo yóò là á: ẹ̀tọ́ ta ni mo ń bò mọ́lẹ̀? Ẹni tó ń fi sàárà pamọ́ kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlá tirẹ̀ ló fi pamọ́. Obìnrin tó ń sá kò jẹ ẹni tó ń lépa rẹ̀ ní gbèsè ìròyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ohun ìní pamọ́ kí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀ má baà rí i, ó ti jalè lẹ́ẹ̀mejì: ó mú ohun náà, ó sì tún mú ọ̀nà tí olóhun ìbá fi wá a kiri.

Ìbéèrè yìí kò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀daràn ńlá. Ó kan ọkọ tó gbé ilé sí orúkọ àbúrò rẹ̀ kí ìyàwó má baà rí ìpín nígbà ìkọ̀sílẹ̀. Ó kan ẹni tó kó owó sí orúkọ ọmọ kí ìjọba lè rò pé òtòṣì ni òun, kó lè gba Medicaid tàbí owó oúnjẹ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláìní. Ó kan ẹni tó fọwọ́ sí mọ́gèèjì pé òun ni yóò máa gbé inú ilé, tó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun tí báǹkì kọ̀ ló ni ín. Òfin Amẹ́ríkà ka irọ́ pípa fún báǹkì sí ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ó sì lè gbé ènìyàn dé kóòtù ní Greenbelt. Ṣùgbọ́n kó tó di ti Greenbelt, ó ti di ti àwọn màláíkà méjì tó ń kọ̀wé.

Bí òfin bá dákẹ́ ńkọ́?

Òfin máa ń yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin Corporate Transparency Act, tó ní kí iléeṣẹ́ kéékèèké sọ orúkọ ẹni tó bá ní ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dín ìkan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 25%, tàbí tó ń darí iléeṣẹ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ìjọba yọ àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kúrò nínú rẹ̀; àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lókè òkun nìkan ló kù. Lórí ilé, FinCEN, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ìṣúná, fi káúńtì Prince George's sí ara àwọn ibi tó jẹ́ pé, ní 2022, bí iléeṣẹ́ bá ra ilé tó tó $300,000 láìyá owó báǹkì, title company gbọ́dọ̀ sọ ẹni gan-an tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin CAMA ti 2020 béèrè orúkọ ẹni tó ní 5% sókè, CAC sì ṣí ìwé orúkọ náà fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023.

Bí ìjọba kan bá béèrè lónìí, tí kò béèrè lọ́la, ṣé ohun tó jẹ́ èrú lánàá ti di hàláálì lónìí ni? Ẹni tó ń gba àwẹ̀ mọ ìdáhùn. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ibi ìdáná wa ní ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni lè mu omi nínú báfùróòmù, kó nu ẹnu, kó sì jáde wá bá wa ṣínu. A kì í ṣe é, nítorí a mọ̀ pé Ẹnìkan ń rí wa. Bí a bá lè ṣe èyí lórí ife omi kan, ó yẹ ká lè ṣe é lórí ìwé ilé.

Ohun tí a lè ṣe kí oṣù yìí tó parí

Àkọ́kọ́, ẹ kó ìwé yín jáde. Ẹ wo gbogbo ohun tó wà lórúkọ yín: ilé, ọkọ̀, àkáǹtì, LLC. Ẹ bi ara yín nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: tèmi ni? Bí kì í bá ṣe tiyín, tí kò sì sí èrú níbẹ̀, bí àpẹẹrẹ owó ìyá yín tó wà ní àkáǹtì yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Ẹsẹ 282 nínú Súúrà Al-Baqarah, tó gùn jù nínú Al-Kùránì, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé. Bí ẹ bá kú láìkọ ọ́, àwọn ọmọ yín yóò pín ohun tí kì í ṣe ogún wọn, wọn kò sì ní mọ̀ pé hàráámù làwọn ń jẹ.

Èkejì, bí ohun tó wà lórúkọ yín bá jẹ́ ti ẹni tí ẹ fura sí, ẹ má fi òru kan dá a yanjú, ẹ má sì kàn gbé e lé ẹlòmíràn lórí. Ẹ wá lọ́yà tiyín, kì í ṣe lọ́yà ẹni náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìrònúpìwàdà lórí ẹ̀tọ́ ènìyàn kì í pé láìjẹ́ pé ohun náà padà sọ́dọ̀ olóhun. Ẹ má rò pé ẹ lè fi í ṣe sàárà. Ọlọ́hun kì í gba sàárà tí a fi owó èrú ṣe.

Ẹ̀kẹta kan gbogbo jàmáà. Ilé tí jàmáà bá dáwó rà, ẹ jẹ́ kó wà lórúkọ jàmáà, pẹ̀lú àwọn alágbàtọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kó má ṣe wà lórúkọ ẹnìkan ṣoṣo, bó ti wù kó ṣeé fọkàn tán tó. Ikú kì í sọ ọjọ́. Bí ẹnìkan bá sì gbé owó ńlá wá fún mọ́sálásí, kò burú láti rọra béèrè ibi tó ti wá kí a tó kí i ní kábíyèsí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí àkáǹtì báǹkì. Àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá ọmọ tí yóò yá wọn ní àkáǹtì, wọ́n sì ń fún un ní owó díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé opó kan tí wọ́n tàn jẹ wà níbì kan, tó ń sunkún lórí owó yẹn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ múra ìdáhùn yín sílẹ̀ kí ẹ̀bẹ̀ tó dé. Ẹ lè sọ pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ohunkóhun tó bá jẹ́ tèmi, tiyín ni. Ṣùgbọ́n orúkọ mi, àmánà ni. Ọlọ́hun ló fi sí mi lọ́wọ́, àwọn ọmọ mi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀ fún.” Bí ó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹ ṣì máa pè é ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ṣì máa ṣe àdúà fún un.

Ní Ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀, Súúrà Āl ʿImrān, ẹsẹ 161, jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó bá jí nínú ohun àjọni yóò gbé e wá. Kò sí LLC, kò sí trust, kò sí erékùṣù tí a lè gbé e pamọ́ sí. Ẹrù oníkálukú yóò wà lórí rẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò sì mọ olówó rẹ̀.

Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ tó ni sánmọ̀ àti ilẹ̀, fi hàláálì rọ̀ wá lọ́rùn kúrò nínú hàráámù. Jẹ́ kí ohun tó wà lórúkọ wa jẹ́ ohun tó tọ́ sí wa. Fún wa ní ẹnu láti sọ “rárá” fún àwọn tí a nífẹ̀ẹ́. Dá ohun tí wọ́n jí padà fún àwọn tálákà tó ni ín. Jẹ́ ká bá Òru Abiyì pàdé pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́, kí o sì gba àwẹ̀ wa. Āmīn.

Ramadan Mubārak. Ẹ kú ìṣínu o.